Bí a ṣe ń yan load cell fún ìwọ̀n ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́

Ẹni tó bá lọ ra load cell, ìyẹn ègé irin inú ìwọ̀n tó ń mọ ìwúwo ẹrù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu olùtajà ni pé, "Tọ́ọ̀nù mélòó lẹ fẹ́?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni a dáhùn kí a tó sanwó, ìwọ̀n tí kò ní já, tí kò sì ní mọ ohun tó ń wọ̀n, ni a ó gbé délé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé load cell tó bá tóbi jù ni kò léwu. Lóòótọ́, èyí tó tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ ẹrù kékeré kò ní jọ ọ́ lójú: a lè gbé odidi kílò kan sórí ìwọ̀n kí nọ́ńbà má mì. Bí a ṣe lè ṣírò èyí tó bá iṣẹ́ mu ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Ilé ìkẹ́rùsí kòkó, irú èyí tó wà káàkiri Oǹdó àti Ìbàdàn, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, n ó sì yà sọ́dọ̀ wéèbíríìjì, ìyẹn ìwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ ẹrù ń gùn, àti ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ níbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti yàtọ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Load cell jẹ́ ègé irin tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà tí yóò fi tẹ̀ díẹ̀, títẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, nígbà tí ẹrù bá gùn ún. Wọ́n lẹ strain gauge mẹ́rin mọ́ ibi tó ń tẹ̀ náà. Strain gauge ni okùn irin tín-ín-rín tí a tẹ́ sórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: bí irin abẹ́ rẹ̀ bá nà, òun náà yóò nà, bí ó bá sún kì, òun náà yóò sún kì, ìdènà tó sì ní sí iná mànàmáná yóò yí padà. Edward Simmons àti Arthur Ruge, tí ibi iṣẹ́ wọn jìnnà síra ní Amẹ́ríkà, ló dá strain gauge tí a ń lẹ̀ mọ́ irin sílẹ̀ ní ọdún 1938, láìjẹ́ pé wọ́n jọ gbìmọ̀ rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a so pọ̀ ní ìlànà Wheatstone bridge, tí wáyà méjì ń gbé iná wọlé, tí méjì mìíràn sì ń gbé ìdáhùn jáde lọ sí ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà hàn, èyí tí n ó máa pè ní ojú ìwọ̀n.

Lára load cell, ẹ ó rí ohun tí wọ́n kọ báyìí: 2 mV/V, tàbí 3 mV/V. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ojú ìwọ̀n bá fi volt 5 ránṣẹ́ sí load cell 2 mV/V, mílífólítì 10 péré ni yóò dá padà nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ bá kún dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mílífólítì 10 yìí ni gbogbo ohun tí a ní láti fi ka ẹrù, láti orí òdo títí dé òkè. Gbogbo ìṣirò tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ dá lórí bí a ṣe máa pín in láìfi í ṣòfò.

Kí a tó bèèrè tọ́ọ̀nù, kí a bèèrè ìpele

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹrù tí a ó máa gbé sórí ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan, àti ìpele kíkà tí a nílò. Ìpele kíkà ni iye tó kéré jù lọ tí nọ́ńbà ojú ìwọ̀n fi ń gòkè. Bí ó bá ń lọ láti 50 sí 51 sí 52, kílò kan ni ìpele rẹ̀; bí ó bá ń lọ láti 50.0 sí 50.1, gíráàmù 100 ni.

Àpò kòkó tó kún, tí wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀, wúwo tó nǹkan bíi kílò 64. Ká ní olówó ilé ìkẹ́rùsí ra ìwọ̀n pẹrẹsẹ tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílò 2000, tí ìpele rẹ̀ jẹ́ kílò kan, tí ó wá ń fi í wọn àpò kọ̀ọ̀kan bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń gbé e wá. R76 ni ìlànà tí OIML, àjọ àgbáyé tó ń rí sí òfin ìwọ̀n, gbé kalẹ̀ fún irú ìwọ̀n báyìí. Fún kíláàsì III, tí ìwọ̀n òwò sábà máa ń bọ́ sí, ó gbà kí ìwọ̀n tuntun ṣìnà pẹ̀lú ìdajì ìpele láti òdo dé ìpele 500, pẹ̀lú ìpele kan láti ibẹ̀ dé 2000, àti pẹ̀lú ìpele kan àbọ̀ lókè ìyẹn. Àpò kílò 64 wà nínú ìpele 500 àkọ́kọ́, nítorí náà ìwọ̀n tó péye lójú òfin lè fi ìdajì kílò ṣìnà lórí rẹ̀. Bí àṣìṣe náà bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọgọ́rùn-ún àpò yóò gbé kílò 50 lọ, bóyá lápò àgbẹ̀ tàbí lápò olówó ilé ìkẹ́rùsí. Kò sí load cell tí ènìyàn lè rà, bí owó rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó, tí yóò tún ọ̀ràn yìí ṣe, nítorí ìpele ló gùn jù fún ẹrù.

Ẹni tó ń wọn àpò kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kílò 300 tó ń ka gíráàmù 100 ló yẹ ẹ́. Lórí rẹ̀, àpò kílò 64 jẹ́ ìpele 640, àṣìṣe tí a sì gbà láàyè kò ju gíráàmù 100 lọ. Ẹni tó ń to àpò 25 tàbí 30 sórí pálẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọ̀n wọ́n pọ̀ ni ìwọ̀n kílò 2000 wà fún. Ilé ìkẹ́rùsí tó ń ṣe méjèèjì, kí ó ra ìwọ̀n méjì; owó ìwọ̀n kékeré kò tó ohun tí yóò dá dúró fún un ní àsìkò kòkó kan.

R60 ni ìlànà tí OIML ṣe fún load cell fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ ni C3 tí ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ load cell ti wá: C ni kíláàsì, 3 sì dúró fún ìpele 3000. Èyí ni pé a kò gbọdọ̀ fi load cell C3 ṣe ìwọ̀n òwò tí ìpele rẹ̀ ju 3000 lọ. Kílò 2000 tí a pín ní kílò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele 2000, ó wọlé. Kílò 300 tí a pín ní gíráàmù 100 jẹ́ ìpele 3000 gẹ́lẹ́, òun náà wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ kí ìwọ̀n kílò 2000 máa ka ìdajì kílò, ó ti di ìpele 4000, ó sì di dandan kí ó wá C4 tàbí C6, tí owó wọn ga ju ti C3 lọ. Lójú tèmi, C3 tó fún ilé ìkẹ́rùsí, fún ọlọ oúnjẹ ẹran àti fún ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ẹni tó bá ní òun nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò fi nọ́ńbà náà ṣe.

Ìṣirò ẹrù

Ìwọ̀n pẹrẹsẹ kílò 2000 máa ń ní load cell mẹ́rin, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a fi mẹ́rin pín 2000, kí a rí 500, kí a sì lọ ra load cell kílò 500. A ti gbàgbé irin orí ìwọ̀n náà. Irin pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀ níbùú lóòró, pẹ̀lú àwọn igi irin abẹ́ rẹ̀, lè wúwo tó kílò 300, orí load cell ni ó sì ń sùn tọ̀sántòru. Àpapọ̀ di 2300. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ó di kílò 575.

Ẹrù kì í sì í pín dọ́gba. Pálẹ́ẹ̀tì tí a sọ̀ sí igun kan yóò fi èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìwúwo rẹ̀ sórí load cell igun náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo bí àwọn alárù ṣe ń já àpò: kì í ṣe pé wọ́n gbé e kalẹ̀, èjìká ni wọ́n ti ń yí i sílẹ̀, irin yóò dún gbàù, nọ́ńbà yóò sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró, kó tó padà wálẹ̀. Ìjà yẹn wúwo ju kílò 64 lọ fún ìgbà kúkúrú. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ 575 di ìlọ́po kan àbọ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 863, kí n tó lọ sí orí load cell tó tẹ̀ lé e nínú àwọn tí wọ́n ń tà, ìyẹn kílò 1000. Ìlọ́po kan àbọ̀ yìí kì í ṣe òfin. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀rọ sọ irin tàbí òkúta sórí ìwọ̀n, ó lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí ẹrù bá sì ti ń ṣàn wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a lè dín in kù. Ọ̀pọ̀ load cell ni wọ́n ṣe kí ó lè fara da ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ààyè tí a fi sílẹ̀ fún èèṣì nìyẹn, kì í ṣe ibi tí a ń bá iṣẹ́ ojoojúmọ́ dé.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìdáhùn rẹ̀ tó. Load cell mẹ́rin ti kílò 1000 jẹ́ kílò 4000 lápapọ̀, tí yóò dá mílífólítì 10 padà bí iná bá jẹ́ volt 5. Ẹrù kílò 2000 yóò wá dá 5 padà. Bí a bá pín 5 sí ìpele 2000, máíkírófólítì 2.5 ni ìpele kọ̀ọ̀kan ní (ẹgbẹ̀rún máíkírófólítì ni mílífólítì kan). Ìwé tó bá ojú ìwọ̀n wá máa ń sọ èyí tó kéré jù lọ tí ó lè gbà fún ìpele kan, ó sì sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 1. Nítorí náà 2.5 dára púpọ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹni tó ní ká ra tọ́ọ̀nù 5 mẹ́rin kí ọkàn wa lè balẹ̀, àpapọ̀ yóò di kílò 20,000, ẹrù kílò 2000 yóò sì dá mílífólítì kan ṣoṣo padà. Ìpele kọ̀ọ̀kan yóò wá ní 0.5, ojú ìwọ̀n míì kò ní gbà á rárá, èyí tó bá sì gbà á, nọ́ńbà rẹ̀ yóò máa sá sókè sá sódò bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí.

Ìdánwò kejì wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Nínú ìwé load cell, ẹ wá lẹ́tà Y, tàbí vmin. Vmin ni ẹrù tó kéré jù lọ tí a lè fi ṣe ìpele lórí load cell náà. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ fi Y pín agbára load cell, ẹ ó rí i. Load cell kílò 1000 tí Y rẹ̀ jẹ́ 10,000 ní vmin kílò 0.1. Fún ìwọ̀n tó ní load cell kan, vmin kò gbọdọ̀ ju ìpele ìwọ̀n lọ. Fún mẹ́rin, kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìpele lọ. Fún mẹ́jọ, ẹ fi 2.83 pín ìpele. Ìpele kílò kan tí a pín sí méjì jẹ́ 0.5, èyí tí 0.1 kò tíì dé rárá. Ti tọ́ọ̀nù 5, pẹ̀lú Y kan náà, vmin rẹ̀ jẹ́ 0.5 gẹ́lẹ́, ó kan òrùlé. Tọ́ọ̀nù 10 yóò kọjá rẹ̀, a kò sì ní lè fi í ṣe ìwọ̀n òwò náà, bí ó ti wù kí irin rẹ̀ lágbára tó.

Bí fọ́kìlífìtì bá máa ń gun orí ìwọ̀n náà láti gbé pálẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, gbogbo ìṣirò yìí dà wó. Fọ́kìlífìtì tó ń gbé tọ́ọ̀nù 2 lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 3 sí 4 fúnra rẹ̀, tí ó bá sì gbé ẹrù, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú ni ìwúwo ń dà lé. Kí olówó ilé ìkẹ́rùsí yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó ka fọ́kìlífìtì mọ́ ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì gbà pé ìpele rẹ̀ yóò gùn sí i, tàbí kí ó ri irin sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n kí fọ́kìlífìtì má lè gùn ún. Èmi fara mọ́ èkejì.

Ìṣirò wéèbíríìjì kò jọ èyí. Ẹ lè rí wéèbíríìjì tọ́ọ̀nù 60 tó dúró lórí load cell mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 30, kí ẹ sì rò pé wọ́n fi owó ṣòfò, nígbà tí àpapọ̀ jẹ́ 180. Ṣùgbọ́n tírélà kì í tẹ́ ara rẹ̀ lórí irin bí àpò. Bí ó ti ń gùn ún lọ, àwọn táyà ẹ̀yìn tó gbé òkúta ń kọjá lórí load cell méjì méjì, ní àsìkò yẹn méjì péré ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, pẹ̀lú bíréèkì tí awakọ̀ ń tẹ̀. Bí ìpele bá jẹ́ kílò 20, ó jẹ́ ìpele 3000, C3 sì gbà á.

Ìrísí tó yẹ iṣẹ́

Fún ìwọ̀n kékeré bíi ti kílò 300, load cell kan ṣoṣo tí à ń pè ní single point ló wà láàárín, lábẹ́ irin. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí kò fi ní bìkítà bóyá ẹrù wà láàárín tàbí létí, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ máa ń sọ bí irin orí rẹ̀ ṣe gbọdọ̀ fẹ̀ tó, ẹ má sì ṣe kọjá rẹ̀. Fún kílò 300, mo máa ń mú ti kílò 500. Ẹ rí i pé àwọn bóòtù ìdíwọ́ wà lábẹ́ àwọn igun irin, tí àlàfo tó wà láàárín wọn àti irin kò tó mìlímítà kan tàbí tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìwé bá ṣe wí: àwọn ló ń gba load cell lọ́wọ́ àpò tí wọ́n yí lulẹ̀ láti èjìká.

Fún ìwọ̀n pẹrẹsẹ, shear beam ni. Irin gígùn kan ni, tí a fi bóòtù méjì de ìdí rẹ̀ mọ́ irin, tí ẹsẹ̀ tó ṣeé yí sókè sódò sì wà ní orí rẹ̀ kejì. Ọfà kan wà lára rẹ̀ tó ń fi ibi tí agbára ń kọjú sí hàn. Bí a bá dè é sódì, nọ́ńbà yóò máa lọ sí abẹ́ òdo.

Ìwọ̀n tó ń fi nǹkan rọ̀ ń lo èyí tó rí bíi lẹ́tà S. Wéèbíríìjì ń lo ọ̀pá kúkúrú tó dúró lóòró, tí orí àti ìdí rẹ̀ rí róbótó kí ó lè máa dá ara rẹ̀ dúró nígbà tí irin bá sún, tàbí shear beam olórí méjì tí a so láàárín. Èyí tó dúró lóòró ni mo fẹ́ràn, nítorí ó rọrùn láti pààrọ̀.

Ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ, níbi tí wọ́n ti ń da àgbàdo, ẹ̀pa kúlíkúlí àti èérí ọkà sínú táǹkì tí a ń wọn, ẹ lo load cell mẹ́ta bí táǹkì náà bá rí róbótó. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ẹsẹ̀ mẹ́ta máa ń fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀ nígbà gbogbo, tí ẹrù sì ń pín sórí wọn láìsí pé a ń wá ohun tí a ó fi há ìdí kan. Ní ti táǹkì, ohun tó máa ń ba ìwọ̀n jẹ́ jù lọ kì í ṣe load cell. Páìpù tó wọ inú rẹ̀ ni. Bí páìpù irin bá so táǹkì mọ́ ẹ̀rọ ìlọ̀, páìpù náà ń bá load cell ru ẹrù, ìyẹn sì ń yí padà bí oòrùn bá ṣe mú. Ẹ fi aṣọ tàbí rọ́bà rírọ̀ so wọ́n pọ̀. Bí táǹkì bá tún wà níta, ẹ ra ìdè tó ní ìdíwọ́ ìgbésókè, kí afẹ́fẹ́ òjò má baà ti i ṣubú.

Omi, eruku, oòrùn àti eku

Alumíníọ̀mù wà fún ìwọ̀n kékeré tó wà níbi gbígbẹ. Irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò wà fún ilé ìkẹ́rùsí, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Sítéènlẹ́ẹ̀sì wà fún ibi tí omi, iyọ̀ tàbí omi kíkan bá wà. Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún fún gàrí kan gan-an, ó ń jẹ irin, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń ṣọ́ owó ná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán tàn yín jẹ: sítéènlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi góòmù dí ojú ibi tí strain gauge wà yóò mu omi bí irin lásán ṣe ń mu ún. Èyí tí wọ́n jó ojú rẹ̀ pa yíká ni ẹ ní láti wá. Nọ́ńbà IP, tó ń sọ bí a ṣe dí ẹ̀rọ mọ́ omi àti eruku tó, ni yóò sọ fún yín. IP67 lè fara da kí a rì í sínú omi díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. IP68 lè pẹ́ nínú omi ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́. IP69K ni wọ́n lè fi omi gbígbóná alágbára fọ̀. Wéèbíríìjì tí kòtò rẹ̀ ń kún fún omi lójò kò gbọdọ̀ ní ohun tó kéré sí IP68, kò sì yẹ kí kòtò náà wà láìní ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde.

R60 gbà pé load cell yóò péye láti òtútù tó lọ sísàlẹ̀ òdo ní dígírì 10 títí dé ooru dígírì 40. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan irin tí oòrùn ọ̀sán pa láti òwúrọ̀ mọ̀ pé ó kọjá 40. Òrùlé lórí ìwọ̀n wúlò ju owó tí a fi kún load cell lọ.

Eku àti òkété ń jẹ wáyà. Ní ilé ìkẹ́rùsí kòkó, níbi tí wọ́n ti ń gbé, ẹ gba wáyà gbogbo inú páìpù irin, tàbí kí ẹ ra load cell tí wọ́n fi irin hun yí wáyà rẹ̀ ká. Ẹ má sì ṣe gé wáyà load cell onímẹ́rin kúrú nítorí pé ó gùn jù, nítorí gígùn náà ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé iṣẹ́. Ẹ ká a jọ sínú àpótí. Bí ojú ìwọ̀n bá jìnnà sí àpótí tí wáyà gbogbo ti pàdé, ẹ fi wáyà onímẹ́fà ṣe ìyókù ọ̀nà, kí ojú ìwọ̀n lè máa mọ iná tó dé ibẹ̀ gan-an, kí ó sì ṣe àtúnṣe fún èyí tó sọnù lójú ọ̀nà.

Àrá ni ọ̀tá wéèbíríìjì. Bí ó bá sán sítòsí, iná rẹ̀ máa ń wá ọ̀nà wọ ilẹ̀, tí irin orí load cell bá sì jẹ́ ọ̀nà tó sún mọ́ jù, inú load cell ni yóò gbà. Ẹ so wáyà bàbà rírọ̀, tó nípọn, láti irin òkè sí irin ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ load cell kọ̀ọ̀kan, kí iná lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọ̀pá ilẹ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú ojú ìwọ̀n. Bákan náà ni ti wẹ́dà: bí wọ́n bá fẹ́ jó nǹkan mọ́ irin orí ìwọ̀n, ẹ yọ load cell kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ègé irin rọ́pò rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wẹ́dà ti de wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ìwọ̀n, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lọ lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti load cell onídígítà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́, ó dára fún wéèbíríìjì nítorí a tètè ń mọ èyí tó ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ó ń so ènìyàn mọ́ ẹni tó ṣe é. Bí kò bá sí ẹni tó ń tà á nítòsí yín, ẹ dúró sọ́dọ̀ ti àtijọ́.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sanwó

Ẹ mú mítà lọ. Ẹ wọn ìdènà láàárín wáyà méjì tó ń gbé ìdáhùn jáde. Ó yẹ kí ó sún mọ́ ohm 350 gan-an fún ọ̀pọ̀ load cell, tàbí 1000 fún irú mìíràn. Láàárín wáyà méjì tó ń gbé iná wọlé, ó sábà máa ń ju ìyẹn lọ díẹ̀, nǹkan bíi 380 sí 400. Bí ẹ bá fi wáyà kan àti ara irin wọ̀n ọ́n, mítà kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Bí ó bá sọ, omi ti wọ inú rẹ̀. Àwọ̀ wáyà kì í bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì: pupa àti dúdú ló wọ́pọ̀ fún iná wọlé, àwọ̀ ewé àti funfun fún ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìwé load cell nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún un ní volt 5, kí ẹ sì wọn ìdáhùn láìsí ẹrù lórí rẹ̀. Fún load cell 2 mV/V, kò yẹ kí ó jìnnà sí òdo ju mílífólítì 0.1 lọ. Èyí tó ń sọ mílífólítì kan tàbí méjì láìsí ẹrù ti tẹ̀ rí, irin rẹ̀ kò sì ní padà sípò mọ́. Tòkunbọ̀ ni ẹ ó ti máa rí irú rẹ̀ jù. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra tòkunbọ̀, àmọ́ èyí tí kò bá gba ìdánwò yìí, bí wọ́n fi ta á lọ́pọ̀, ọ̀wọ́n ni.

Àwọn load cell tí yóò wà lórí ìwọ̀n kan gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: agbára kan, mV/V kan, ìdènà kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí ẹ sì fi èyí tí agbára rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀n náà yóò máa sọ ohun kan ní igun yìí, ohun mìíràn ní igun yẹn. Ẹ pa ìwé tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wá mọ́, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti mV/V rẹ̀ gangan sí, nítorí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú yóò nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti dè é

Ilẹ̀ tí ìwọ̀n máa jókòó lé gbọdọ̀ le kí ó sì tẹ́jú. Ẹ wọn ìdáhùn load cell kọ̀ọ̀kan láìsí ẹrù, kí ẹ sì yí àwọn ẹsẹ̀ títí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi sún mọ́ra. Èyí tó bá ń sọ òdo kò tẹ ilẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ wá ṣe ìdánwò igun. R76 ní kí a fi nǹkan bí ìdámẹ́ta agbára ìwọ̀n sí igun kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Fún ìwọ̀n kílò 2000 tiwa, ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 667. Nígbà tí a bá ti ṣe àtúnṣe tán nínú àpótí tí wáyà ti pàdé, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ fi ju kílò kan lọ yàtọ̀ sí òótọ́ ìwúwo rẹ̀. Òkúta ìwọ̀n tí ìwúwo rẹ̀ dájú ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe to àpò kòkó tí ìwọ̀n mìíràn ti wọ̀n. Bí igun kan bá kọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe, ẹ pààrọ̀ ààyè load cell méjì. Bí àṣìṣe bá bá load cell rìn lọ sí igun tuntun, òun ló bàjẹ́; bí ó bá dúró ní igun tó wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tàbí irin ni kí ẹ tún wò.

Ní Nàìjíríà, ìwọ̀n tí a fi ń ra tí a sì fi ń tà wà lábẹ́ òfin ìwọ̀n, ẹ̀ka Weights and Measures ti ìjọba àpapọ̀ ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò tí ó ń tẹ èdìdì mọ́ ọn. Ẹ pè wọ́n lẹ́yìn ìdánwò igun, kí ẹ má sì ṣí àpótí wáyà lẹ́yìn tí èdìdì bá ti wà lórí rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá ṣe tán láti tún pè wọ́n.